Ìwé Owó fún Bàbá Ìyàwó

Orí ilẹ̀ Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni Mujeeb ayàfọ́tò dojú bolẹ̀ sí nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Ẹja yíyan ni mò ń tà, mo ti ń tà á lórí fóònù nígbà náà, mo sì fẹ́ fọ́tò tó máa wu ẹni tó ń gbé ní Abuja láti rà. Wọ́n júwe rẹ̀ fún mi pé ọmọ Ìwó ni, pé Ìgbògbò ló ń gbé, pé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Bó ṣe dé, ó ní kí n gbé ẹja àrọ̀ kan kalẹ̀, ó sì na gbalaja síwájú rẹ̀ bí ẹni tí ẹja náà fẹ́ sọ àṣírí fún. Gbogbo ìsọ̀ ń fi rẹ́rìn-ín, kò tiẹ̀ gbọ́.

Fọ́tò náà dára débi pé ẹja tí mò ń rí lójoojúmọ́ wá ń wù mí í jẹ. Mo ní kó fi ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀, tí iye tí mo máa san wà nínú ẹ̀, ránṣẹ́. Kò fi ránṣẹ́. Mo bèèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wá kọ ọ́ sí mi pé kí n fún òun ní ohunkóhun tí Ọlọ́run bá fi sí mi lọ́kàn.

Inú bí mi. Bí mo bá ń ta ẹja báyẹn, mi ò ní ní ìsọ̀ mọ́. Mo pè é, mo ní Ọlọ́run ò fi nǹkan kan sí mi lọ́kàn, kó dárúkọ iye. Ó dárúkọ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo san án lójú ẹsẹ̀.

Ó pè mí padà. "Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Kò sẹ́ni tó san owó mi lọ́jọ́ tí mo ṣiṣẹ́ rí."

Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Síbẹ̀, ohùn yẹn wọ̀ mí lára.

Bí ìpè wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gùn nìyẹn. Mo wá gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkòròdú ti jẹ ẹ́ lówó láti ọdún tó kọjá, àti pé tọkọtaya kan wà tí ọmọ wọn ti ń rìn, tí wọn ò tíì san owó fọ́tò ìgbéyàwó wọn. Ó ní ojú ń ti òun láti bèèrè. Mo ní ojú tó ń tì í yẹn ò lè san owó ilé.

A jókòó ní ìsọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé kan, a kọ ìlànà tuntun. Ìdajì owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ méje fún ìyókù, ọjọ́ náà sì gbọ́dọ̀ hàn gbangba lójú ìwé. Títí wọ́n á fi san tán, orúkọ rẹ̀ á wà gàdàgbà láàárín fọ́tò. Kí oṣù méjì tó pé, ilé ẹ̀kọ́ náà san, tọkọtaya náà san. Mujeeb wá sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní òun nífẹ̀ẹ́ mi. Mo ní mo ti mọ̀ tipẹ́, ó kàn pẹ́ kó tó bèèrè ni.

Bàbá mi, Àlhájì Síkírù, ti ń pẹja lórí ọ̀sà láti kékeré, ó sì ti ní ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin báyìí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un pé Mujeeb ni mo fẹ́ fẹ́. Nígbà tí Rodiat àbúrò mi parí Kùránì, Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí Mujeeb wá ya fọ́tò wòlímọ̀ náà. Ó yà á, ó kó o wá, Bàbá sì ní kó mú ìwé owó wá. Olólùfẹ́ mi tí mo ti kọ́ láti oṣù mélòó kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kò sówó láàárín àwọn, pé ọmọ wọn ni òun.

Bàbá dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó pè mí.

"Waliyah, mi ò lè fi ẹ́ fún un. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ tọrọ ojú rere lọ́wọ́ mi, ọwọ́ gbogbo ayé ló máa ti tọrọ ẹ̀. Kí lẹ máa jẹ? Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé fọ́tò ni mo gbà kí n tó fa ọmọ mi sílẹ̀."

Mo sunkún títí. Mo pe Mujeeb pé kó kọ ìwé owó náà. Ó ní ta ló ń kọ irú ẹ̀ sí bàbá ìyàwó? Bùsàrí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti búra pé tó bá dán an wò, kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ lé e wá tọrọ mi. Mo ní kó má kọ ọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n èmi ò ní sá kúrò nílé bàbá mi lọ bá a. Odindi ọjọ́ márùn-ún, a ò pe ara wa.

Ní ọjọ́ kẹfà, ó yọjú sílé wa. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na àpòòwé kan sókè. "Ẹ foríjì mí, Bàbá. Iṣẹ́ mi ni mo ṣe, owó ẹ̀ rèé."

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún náírà, ọjọ́ méje. Bàbá kà á, ó kì í bọ àpò jalabíà rẹ̀, ó ní kó kí àwọn ará ilé.

Ọjọ́ méje pé, Bàbá ò san. Ẹ̀rù bà mí pé Mujeeb máa dákẹ́, pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ máa parí sí. Mo ní owó náà lọ́wọ́. Mo tiẹ̀ ti tẹ nọ́ńbà báńkì rẹ̀ sórí fóònù, kó lè rò pé Bàbá ló san án. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni mo máa fi tàn jẹ, mo bá pa á rẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ wọ fóònù Bàbá létí omi. Kò mú awò ojú dání, ó ní kí n bá òun kà á.

"Àlhájì, ẹ kú àárọ̀ sà. Ọjọ́ méje tí a dá fún owó fọ́tò Rodiat pé lánàá. Mo dúpẹ́ pé ẹ gbé iṣẹ́ náà fún mi. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mò ń retí owó mi lónìí. Mujeeb."

Bàbá ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo kà á tán, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú.

"San án nínú owó mi," ó ní. "Kó sì kó àwọn èèyàn ẹ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú. Ọkàn mi balẹ̀ wàyí."

Ìṣẹ́jú márùn-ún ò tíì pé tí Mujeeb fi pè. Ó ní Àlhájì ti san án. Mo ní mo mọ̀, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Àwa méjèèjì bú sẹ́kún lórí fóònù.

Bùsàrí náà ló ṣáájú wọn wá lọ́jọ́ Àìkú. Ó sọ fún Bàbá pé wọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí ní Ìwó. Bàbá ní wọn ò gbọ́ ọ rí ní Ẹ̀pẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n so yìgì wa.

Ìgbògbò là ń gbé báyìí, ọmọ wa ti pé ọdún kan. Tí oníbàárà bá san owó Mujeeb lọ́jọ́ tó pé, èmi kọ́ ló kọ́kọ́ máa ń sọ fún. Bàbá mi ló máa ń pè ní Ẹ̀pẹ́, kìkì kó lè sọ pé, "Bàbá, ẹ ṣeun."