Ọwọ́ Tó Wúwo Léjìká Aránṣọ

Ilẹ̀ mọ́, baálé ilé kò jí. Aránṣọ ni, ẹni gíga tó máa ń tẹrí ba kó tó lè wọ yàrá. Ó jẹun, ó fi ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó sùn, ó sì di ẹni tí wọ́n ń fi aṣọ bò. Dókítà ò rí ohun tó lè tọ́ka sí.

Opó rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí ohunkóhun ibẹ̀ nípò, ì báà ṣe abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ọ̀fọ̀, òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga ọkọ, nídìí maṣíìnì ọkọ, ó ń ránṣọ kí àwọn ọmọ lè jẹun.

Kò pẹ́ tí ìrora dé. Ó bẹ̀rẹ̀ nídìí ọrùn, ó sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká, ó wá jókòó sókè ẹ̀yìn bí àlejò tí kò ní ilé tó máa padà sí. Bí wọ́n bá pè é lẹ́yìn, gbogbo ara ló fi ń yí. Wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀, wọ́n ní kò sí èyí tó yẹ̀. Oògùn tán, ìrora ò tán. Aṣọ ń ga lórí bẹ́ǹṣì, àwọn oníbàárà kan sì ti ń wá gba tiwọn padà láìrán.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mọ̀ọ́ntán, wá kí i. Kò tíì jókòó tó fi sọ̀rọ̀.

"Àárọ̀ wo ni ìyá ọkọ rẹ kì í gbọ́wọ́ lé ọ léjìká?"

"Àdúrà ni wọ́n ń gbà fún mi, ẹ̀gbọ́n mi."

"Àdúrà. Ṣé orí ò ṣeé gbọ́wọ́ lé ni? Èjìká ló ń dùn ọ́, èjìká náà ló ń dì mú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Wọ́n wà nínú ilé."

"Kó gbọ́. Ta ló sùn sí yàrá tó kángun sí ti ọkọ rẹ lọ́jọ́ tó kú? Èmi ni?"

Ó fà á lọ sọ́dọ̀ aríran kan. Aríran di ojú, ó mí kanlẹ̀, ó ní òun rí ọwọ́ àgbà kan tó wúwo, òun sì rí ẹyẹ. Ibẹ̀ ló dákẹ́ sí. Mọ̀ọ́ntán ló ń bá a fi kún un títí wọ́n fi délé.

Ẹyẹ náà sì wá lóòótọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, opó gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti palẹ̀ mọ́. Ó yọjú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló dá dúró nínú òkùnkùn, ẹyẹ dúdú kan bà lójú fèrèsé.

"Òpó gíga ilé mi," ni ìyá ń wí. "A-nawọ́-kan-òrùlé. Ṣé o ń gbọ́ mi?"

Ẹyẹ ké, ó fò lọ. Ọrùn opó le gbagidi.

Ó sọ ọ́ fún Mọ̀ọ́ntán, ìyẹn ni pé ó sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò. Lọ́jọ́ kejì, Mọ̀ọ́ntán dúró sí àárín ilé.

"Màmá, ẹ di ẹrù yín. Ẹ ti jẹ ọmọ, ẹ tún fẹ́ jẹ ìyàwó."

Ìyá kò wò ó. Opó ló ń wò. "Ìyàwó mi, ṣé ohun tí ìwọ náà fẹ́ nìyẹn?"

Opó wolẹ̀. Ọrùn tó ń dùn ún di àwáwí tí kò fi gbórí sókè.

Ẹrù ìyá ò pọ̀. Nígbà tó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ọ́ kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbi tí ọmọ mi máa ń jókòó, lẹ́ẹ̀kan péré."

Kò dúró gbàṣẹ. Ó jókòó, òun náà gíga bí ọmọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì maṣíìnì. Ìgúnpá rẹ̀ sinmi. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀.

Opó ń wò ó, ẹnu sì yà á. Òun kì í jókòó báyẹn. Abẹ́ abíyá ni tábìlì yìí máa ń kan òun. Apá òun á wà lókè, èjìká òun á wà lókè, láti àárọ̀ dalẹ́, bí ẹyẹ tó fẹ́ fò tí kò rí ibi fò sí.

"Màmá, ta ló gbé tábìlì yìí ga tó báyìí?"

"Ọmọ mi ni. Ó ní ọrùn ń dun òun torí òun ń tẹ̀ púpọ̀ lórí iṣẹ́. Ó kan pákó mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo rò pé o mọ̀. O ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan, n kò fọwọ́ kàn án. Mo kàn máa ń wọlé wá kí ọmọ mi nírọ̀lẹ́, kí n pe oríkì rẹ̀."

Opó kúnlẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Pákó náà wà níbẹ̀, eruku bò ó. Ìṣó kan wọ́, bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń kan ìṣó nígbà tó bá ń kánjú. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹyẹ ńkọ́?" ni Mọ̀ọ́ntán bi wọ́n láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹyẹ ń bà lórí òrùlé tìẹ náà," ni ìyá dá a lóhùn. "Ta la ó lé nílé tìẹ?"

Èjìká opó ò lè fa ìṣó yọ. Ìyá ló fà wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí tábìlì balẹ̀, opó kò dìde lórí eékún.

"Màmá, ẹ dárí jì mí."

Ìyá na ọwọ́, ó sì dá a dúró lófuurufú, kò kan èjìká rẹ̀. Opó fúnra rẹ̀ mú ọwọ́ náà, ó gbé e lé ibi tó ń dùn ún gan-an. Ó wúwo, bí ọwọ́ àgbà ṣe máa ń wúwo.

Ìrora náà ò lọ lọ́jọ́ yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Ohun tó pa ọkọ rẹ̀, a ò tíì mọ̀ ọ́n dòní. Kí Ọlọ́run má ṣe fi ọwọ́ ẹni tó ń gbàdúrà fún wa hàn wá bí ọwọ́ ọ̀tá.