Rélùwéè Pòròpórò

Ọkọ̀ ojú irin kékeré náà tún dúró síbi tó máa ń dúró sí. Sọ̀fíyàt fi ìka tì í, ó rìn díẹ̀, ó tún kú.

"Ibì kan náà ni," ni Àyọ̀ká ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Ọ̀la sì ni gbogbo kíláàsì máa wò ó."

Látìgbà tí ọyẹ́ ti mú ni Sọ̀fíyàt àti Bọ̀dá Ṣùkúrù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń lọ sí pólì ní Ṣakí, ti ń kọ́ ìlú kékeré yìí sórí pákó nínú yàrá ìyá wọn àgbà. Ojú irin kò gba Òkè-Ògùn kọjá, orí fóònù nìkan ni Sọ̀fíyàt ti rí rélùwéè rí. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ọ bí a ṣe ń fi bíléèdì la pòròpórò ọkà bàbà láìfọ́, bí a ṣe ń tò ó ní ìdábùú lábẹ́ wáyà tó dúró fún ojú irin kí ó má baà yẹ̀, àti bí a ṣe ń yọ́ òjé sí oríkèé wáyà kí iná bátìrì lè gba ibẹ̀ kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ tó máa ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ ti wá balẹ̀. Nígbà tí Ìyá Jímọ̀, ìyá wọn àgbà, bi í pé ìlú wo ni kò ní àká, ó kọ́ àká kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀.

Oríkèé kan ṣoṣo ló kù tí kò mú. "Má fọwọ́ kàn án," ni Bọ̀dá Ṣùkúrù wí lórí fóònù. "Màá dé ní ìdájí kí afẹ́fẹ́ tó dìde, àá jùmọ̀ ṣe é."

Kí afẹ́fẹ́ tó dìde. Òfin Ìyá Jímọ̀ nìyẹn. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná lágbo ilé rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Omi ni wọ́n sì gbọdọ̀ fi pa iná ọ̀hún, wọn kò gbọdọ̀ fi eérú bò ó bí ìgbà òjò. Ẹ̀yìn ilé ni àká ọkà bàbà wọn wà, oúnjẹ ọdún kan àti irúgbìn ọdún tó ń bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn, igbó ń jó lápá Ogbooro. Àwòdì ń yí lókè, màjàlà sì ń já bọ́ sínú àgbàlá wọn. Ìyá Jímọ̀ wà ní àsàlátù, ìpàdé àdúrà àwọn Mùsùlùmí.

"Bí ẹ̀gbọ́n ẹ bá sùn gbàgbé ńkọ́?" Àyọ̀ká gbé agolo mílíìkì kan sókè. "Ẹ̀yinná díẹ̀ láti ilé wa nínú èyí, ṣé ìyẹn náà niná?"

Sọ̀fíyàt mọ̀ pé iná ni. Ẹ̀rín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbọ́ létí, ìyẹn sì borí. Ẹ̀yìn àká nìkan ni afẹ́fẹ́ kò dé, nítorí náà ibẹ̀ ló gbé agolo sí. Ó ki irin tí wọ́n fi ń yọ́ òjé bọ inú ẹ̀yinná, ó sáré wọlé, ó yọ́ òjé náà. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọkọ̀ náà yí ìlú ká láìdúró, Àyọ̀ká pàtẹ́wọ́, ó sì gba ilé wọn lọ.

Ó ku ẹ̀yinná. Omi inú àmù kò ju èyí tí Ìyá Jímọ̀ máa fi ṣàlùwàlá lọ, kànga sì ti gbẹ. Sọ̀fíyàt ro ti ìyá àgbà, ó bu eérú bo agolo náà, ó padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó gbọ́ tí nǹkan ń ta pàrà, pàrà. Ó rò pé ọkọ̀ náà ni, ó yọ bátìrì. Ọkọ̀ dúró. Ìró náà kò dúró, ẹ̀yìn ilé ló ti ń wá: àká ti gbiná.

Àwọn aládùúgbò fi yẹ̀pẹ̀ àti ewé tútù gba ilé náà sílẹ̀. Wọn kò rí àká gbà. Nígbà tí Ìyá Jímọ̀ dé, ó kàn dúró nínú hìjáàbù rẹ̀, ó ń wo èéfín.

"Ta ló dáná?"

"Èmi ni, Ìyá." Sọ̀fíyàt kúnlẹ̀ sínú eérú, ẹkún gbà á. "Mo fi eérú bò ó. Mi ò fẹ́ lo omi àlùwàlá yín."

"Bí omi àlùwàlá kò bá sí, yẹ̀pẹ̀ là á fi ṣe tayamọ́mù, ọmọ mi," ni ìyá náà wí wẹ́rẹ́. "Kí la ó fi ṣe ọkà?"

Bọ̀dá Ṣùkúrù dé ní ìdájí, bó ṣe ṣèlérí. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Òun àti àbúrò rẹ̀ jókòó nínú eérú, wọ́n ń ṣa ọkà tí kò jóná. Ọ̀la tí Sọ̀fíyàt kò lè dúró dè ti dé, kò sì sẹ́ni tó wo rélùwéè. Nígbà tí òrùn yọ, Ìyá Jímọ̀ gba ọkà tí wọ́n rí ṣà, ó gbé e wọlé, ó dà á sínú àká kékeré tó wà lórí pákó. Àká kékeré náà gba gbogbo rẹ̀ tán.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ kọ́ sùúrù mọ́ ọn. Ọwọ́ Sọ̀fíyàt ti mọ iṣẹ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ni kò tíì mọ bí a ṣe ń dúró.