Ọjọ́ Tí A Wọn Qiaoyun

Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́, n kò sì bá a jà. Èmi ni mo fi ọ̀pọ̀lọ́ sínú ìkòkò tíì níbi ìgbéyàwó àwọn ará ìsàlẹ̀ odò. Èmi náà ni mo fi ìṣó kan bàtà olórí abúlé mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Èèyàn mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi. Ẹ bi èyí tó bá wù yín nínú wọn. Kò ní rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí ìgbà ooru wọlé ni. Lábúlé wa, lọ́jọ́ yẹn, tí a bá ti jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà tútù tán lọ́sàn-án, gbogbo wa á kó lọ sí gbọ̀ngàn àwọn baba ńlá láti wọn ara wa. Ẹni tó bá wúwo ju ti èṣí lọ, ooru kò ní rí i gbé ṣe. Ẹni tó bá fúyẹ́, kí ará ilé rẹ̀ máa ṣọ́ ọ.

Ọ̀pá igi gígùn kan ni òṣùwọ̀n náà, okùn ló so ó kọ́ àjà. Apẹ̀rẹ̀ ńlá wà ní apá rẹ̀ tó kúrú, ibẹ̀ lèèyàn ń jókòó sí. Irin kan rọ̀ sí apá tó gùn, tí a fín àmì jín sí lára; jín méjì ló wà nínú kílò kan. Bàbá Luo, tó ń wọn èèyàn láti ìgbà tí ìyá mi ti wà lọ́mọdé, á máa ti irin náà lọ síta díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀pá á fi dúró gbọọrọ. Síta nìkan ni o. Èèwọ̀ ni kéèyàn fà á padà sínú nígbà tí ẹnìkan bá wà nínú apẹ̀rẹ̀. N kò bèèrè ìdí rẹ̀ rí.

Àbúrò mi Qiaoyun, ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn ni. Ikọ́ ti jẹ ẹ́ kù eegun. Ilé iṣẹ́ kan ní ìlú ńlá ni àwọn òbí wa wà, èmi àti Ìyá àgbà la jọ ń tọ́jú rẹ̀. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá àgbà ti ń bu ìrẹsì kún abọ́ rẹ̀, tó ń wò ó lẹ́nu títí yóò fi gbé e mì.

"Jín márùndínlógójì ló jẹ́ léṣìí," Ìyá àgbà sọ fún Bàbá Luo. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

"Ẹ fọkàn balẹ̀."

Láti orí ìwọ̀n èṣí ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Qiaoyun jókòó sínú apẹ̀rẹ̀, Bàbá Luo fi irin síbẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, apẹ̀rẹ̀ fò sókè, apá gígùn sì sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ náà ti fúyẹ́ ju ti èṣí lọ. Mo rí ojú Ìyá àgbà.

N kò lè wo ojú yẹn. Mo na ìka, mo fa irin náà padà sínú. Apẹ̀rẹ̀ já wálẹ̀, gbì!

"Yéè!" mo kígbe. "Ẹ gbé e kúrò, màlúù ti jókòó sórí òṣùwọ̀n wa!"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín àfi Qiaoyun. Ó fò jáde nínú apẹ̀rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́.

"Jianbo!" Bàbá Luo pariwo. "Ṣé ọwọ́ rẹ kò lè gbé jẹ́ẹ́ ni? Ọmọ burúkú!" Ó gbá mi lórí. Ó ti irin náà padà sí márùndínlógójì.

Ọ̀pá gbéra díẹ̀díẹ̀. Ó dúró gbọọrọ. Kò mì.

Qiaoyun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Apẹ̀rẹ̀ ṣófo.

"Ta ló wà níbẹ̀?" Bàbá Luo béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré.

Okùn ń dún, kín-ín, kín-ín, bẹ́ẹ̀ kò sí afẹ́fẹ́. Koríko tí a tẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ tẹ̀ wọnú láàárín, bí ìgbà tí ọmọdé bá jókòó síbẹ̀.

Ara Qiaoyun kò balẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ jáde. Ó ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Ilẹ̀kùn kò yẹ̀. Òun ló ń yọ̀ lọ sẹ́yìn, bí ẹni dúró lórí òróró. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún un tì. Ó tún yọ̀ lọ sẹ́yìn. Ó wá fò láti orí àtẹ̀gùn kékeré tó wà níbẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó balẹ̀. Mo lè ka mẹ́ta.

Tíṣà Shen, tó ti kọ́ èmi náà rí, sáré láàárín wa lọ sílé-ìwé, ó mú òṣùwọ̀n kékeré onísípíríǹgì wá. Ó fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ bẹ́líìtì ọmọ náà, ó gbé e sókè. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n kò kúrò lójú kan.

"Ilẹ̀ ló ń fa gbogbo nǹkan mọ́ra," ó sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Òkúta. Omi. Èmi. Ìwọ."

"Òun ńkọ́, Tíṣà?" mo béèrè.

"O ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí a tó dé ojú ìwé yẹn."

"Kí ló wà lójú ìwé yẹn?"

Ó wo àbúrò mi títí. "Èyí kò sí níbẹ̀."

A gbé Qiaoyun padà sínú apẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá kò mì rárá. Bàbá Luo ki ọwọ́ sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ náà, ó gbé e wò. Iṣan ọwọ́ rẹ̀ le. Ó sáré fa ọwọ́ náà yọ.

"Ó gbóná," ó ní.

"Ẹ jẹ́ kí n tún fa irin yẹn," mo bẹ̀ ẹ́. "Èmi ni mo ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

"Tí o bá fà á, kí ló máa bọ́ sílẹ̀? Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Ìyá àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òṣùwọ̀n náà mọ́. Ó gbé Qiaoyun pọ̀n. Ó ní ó dà bí ìgbà téèyàn pọn aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá gbẹ.

Tí mo bá ní n kò gbádùn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, irọ́ ni mo pa. Mò ń jù ú sókè àjà, mò ń hán an. Àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín dákú. Lọ́jọ́ kẹjọ, afẹ́fẹ́ odò gbé e kúrò lórí afárá. Irun rẹ̀ ni mo rí gbá mú. Ó ń fò lẹ́lẹ́ lókè orí mi bí aṣọ lórí okùn, kò sunkún, kò pariwo, ó kàn ń wò mí.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá àgbà ti rán òkúta mọ́ ìṣẹ́tí gbogbo aṣọ Qiaoyun. Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n tó lọ bá àwọn apẹja tún àwọ̀n ṣe, mo máa ń yà ní gbọ̀ngàn, mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbé apẹ̀rẹ̀ wò díẹ̀. Ó ṣì wúwo. Ó ṣì gbóná.

Ọdún yípo. Ìgbà ooru tún wọlé. Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn, apẹ̀rẹ̀ náà ti fara kan ilẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan irin.

Bàbá Luo bẹ̀rẹ̀ sí í ti irin lọ síta. Mẹ́rìndínlógójì. Mẹ́tàdínlógójì. Méjìdínlógójì. Nígbà tó dé mọ́kàndínlógójì, ọ̀pá dúró gbọọrọ.

"Ó ń dàgbà," Ìyá àgbà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. N kò rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ikọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bojú wẹ̀yìn. Qiaoyun dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ olókùúta rẹ̀. Aṣọ èṣí ni. Kò tíì kéré fún un níbì kankan.

Lọ́jọ́ ìwọ̀n yìí, a máa ń fi àpò òwú gbé ẹyin sísè kọ́ ọmọdé lọ́rùn, kí ooru má bàa rẹ̀ ẹ́. Ẹyin kan ṣoṣo ni Ìyá àgbà sè wá. Ó yọ ọ́ nínú aṣọ rẹ̀. Qiaoyun sún mọ́ ọn, ó na ọrùn.

Ìyá àgbà fi àpò náà kọ́ ọwọ́ apẹ̀rẹ̀.

"Ìyá àgbà," Qiaoyun pè é. "Tèmi ńkọ́?"

Ìyá àgbà kò wẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tún koríko inú apẹ̀rẹ̀ náà tò díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn fún ọmọ.