Olólùfẹ́ Tí A Fi Ṣe Oògùn Bọ́ọ̀lù

Ojú wọn ṣe mẹ́rin ní ẹnu ọ̀nà pápá ìṣeré Barahona, ìlú kan létí òkun, lọ́jọ́ tí èrò ń tẹ ara wọn mọ́ irin. Gbogbo ènìyàn ló ń pariwo kí wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn. Ẹnìkan ń ti Leocadio láti ẹ̀yìn, ẹlòmíràn ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó yíjú padà láti bú wọn, ó sì rí ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ pupa, tí èrò há mọ́ra bíi tirẹ̀. Ọmọbìnrin náà wò ó. Òun náà wò ó. Èébú gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ṣé wọn ò tíì tẹ̀ ọ́ pa ṣá?" ni Leocadio bi í.

"Ó ku ẹsẹ̀ kan tí wọn ò tíì tẹ̀," ni ọmọbìnrin náà dáhùn, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Nereida ni orúkọ rẹ̀, aránṣọ ni. Leocadio ní tirẹ̀ ń dán òkúta aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń wà lórí òkè ìlú náà. Ìfẹ́ wọ ọkàn rẹ̀ bí òjò tó rọ̀ láìṣú. Ká ní ìfẹ́ nìkan ló wọlé lọ́jọ́ náà ni, ìtàn yìí ìbá dùn látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn bá ìfẹ́ wọlé.

Àwọn Òfú, tí wọ́n fi ẹyẹ etí òkun sọ lórúkọ, ẹgbẹ́ tó ń gbá bésíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù onígi, fún ìlú Barahona, ti ń fìdí rẹmi láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́jọ́ tí Nereida jókòó ti Leocadio yìí, wọ́n borí. Ó tún jókòó tì í lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún borí.

Ẹni tó bá ti gbé láàárín àwọn olólùfẹ́ bésíbọ́ọ̀lù á mọ ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀. Ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ kan lọ́jọ́ ìṣẹ́gun kò ní fọ̀ ọ́ mọ́ títí ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi pàdánù. Ẹni tó ń wo eré nílé, tó dúró lẹ́bàá fìríìjì nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri, ibẹ̀ ni yóò dúró títí eré yóò fi parí, bí ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ ń ké. Wọ́n á máa fi ara wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ rú òfin náà.

Ti Leocadio pọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ. Ó ní fìlà tí kò fọ̀ rí. Ó ní egungun adìẹ kan tó so mọ́ ìdí ẹ̀rọ tó fi ń dán òkúta. Ní báyìí, ó ti rí oògùn tó ju gbogbo ìyẹn lọ, oògùn ọ̀hún sì ń mí.

Ó ṣòfin fún Nereida. Aṣọ pupa yẹn náà ni yóò máa wọ̀ wá, kò sì gbọdọ̀ fọ̀ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni yóò máa jókòó sí. Nítorí pé omi tán lọ́wọ́ olómi tútù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, omi kò tún gbọdọ̀ kan ẹnu Nereida láti àárọ̀ ọjọ́ eré títí wọ́n á fi ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́.

"Cayo, ṣé ìyàwó àfẹ́sọ́nà ni mo jẹ́ ni, àbí fìlà?" ni Nereida bi í, tẹ̀ríntẹ̀rín. Cayo ló máa ń pe Leocadio.

"Ìwọ ni gbogbo ẹ̀," ni Leocadio wí, ó sì fẹnu kò ó ní iwájú orí.

Ah, ìfẹ́! Ohun tí ọgbọ́n bá kọ̀, ìfẹ́ á gbà á. Nereida gbà.

Báyìí ni àwọn Òfú ṣe ń borí, tí òkìkí aláṣọ pupa sì ń kàn ká ìlú, títí wọ́n fi dé ìdíje àṣekágbá. Barahona borí, ẹgbẹ́ ìlú Santiago tí wọ́n jọ ń díje borí, Barahona tún borí, Santiago náà tún borí, títí ó fi ku eré kan ṣoṣo. Ọjọ́ Àìkú, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá borí ló gba ife.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò dára lára. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Wọ́n ta aṣọ búlúù, àwọ̀ ẹgbẹ́ náà, káàkiri ojú pópó, ṣùgbọ́n ṣe ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ jọwọlọ bí aṣọ ilé ọ̀fọ̀. Àwọn ẹyẹ òfú gan-an, tó máa ń bà sórí òpó èbúté, kò sí ẹni tó rí ìyẹ́ wọn. Àwọn àgbà apẹja ní nǹkan ń bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní irọ́ ni, pé àwọn ẹyẹ náà ti lọ tò fún tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní ọjọ́rú, ibà kọlu Nereida. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, gbogbo oríkèé ara ń ro ó, ẹ̀yìn ojú sì ń dùn ún. Leocadio se ọbẹ̀ adìẹ wá fún un. Ó fi aṣọ tútù nù ún lójú. Ẹ má ṣe pè é ní ìkà, nítorí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ àdúrà tó ń gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà: kí ara rẹ̀ ṣáà yá kó tó di ọjọ́ Àìkú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ara Nereida tutù. Leocadio fò sókè.

"Mo sọ fún ẹ! Mo ní wàá dìde!"

"Cayo, ara mi ò gbóná mọ́, àmọ́ inú ń run mí burúkú. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mi ò sí nínú ara mi. Jẹ́ kí n sùn lónìí."

"Àárẹ̀ ibà ló ṣẹ́ kù sí ẹ lára. Tó bá di ọ̀la, èmi fúnra mi ni màá gbé ẹ lọ sí ọsibítù. Òní nìkan."

"Tí mi ò bá wá lónìí ńkọ́?"

"Tí a bá wá pàdánù, Nereida, ojú wo lo fẹ́ kí n fi wo àwọn èèyàn ìlú yìí? Ojú wo lo fẹ́ kí n fi wo ìwọ gan-an?"

Nereida wo ojú rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló mú aṣọ pupa náà.

Abelardo, ọ̀rẹ́ Leocadio láti kékeré, ló wá fi ọ̀kadà gbé wọn. Ọmọ bọ́ọ̀lù paraku ni Abelardo tẹ́lẹ̀, kí Jésù tó gbà á là. Bó ṣe rí Nereida, ó pa iná ọ̀kadà.

"Kí ló dé tí ètè ẹ bó báyìí? Ṣé o ti mu omi?"

Leocadio ni Nereida wò.

"Kò gbọdọ̀ mu omi," ni Leocadio wí. "O mọ̀ ọ́n. Bá wa ṣíná sí ọ̀kadà o jàre, pásítọ̀ onítaya méjì."

"Leo, èèyàn ni mo rí yìí o, mi ò rí oògùn. Ẹni tó ń bọ òrìṣà, oúnjẹ ló ń gbé fún òrìṣà. Ìwọ, ta lò ń gbé fún un jẹ?"

"Ọjọ́ mìíràn ni kó o wàásù!" ni Leocadio pariwo. "Ọjọ́ tí kì í ṣe òní!"

Ọ̀rẹ́ mi, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń pa ènìyàn.

Èrò ti kún pápá kó tó di ọ̀sán. Oòrùn ń jó wọn lórí, kò sí ìbòòji. Nígbà tí àwọn èèyàn rí Nereida, ariwo sọ.

"Aláṣọ pupa ti dé! Ẹ yàgò fún oríire wa!"

"Ìyàwó, má mà sún kúrò lórí àga yẹn o! Ọmọ Santiago kan ò ní sùn lónìí!"

Wọ́n ń na ọwọ́ kan aṣọ rẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Bàbá arúgbó kan tilẹ̀ kúnlẹ̀, ó di etí aṣọ náà mú, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Leocadio ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ni ìlú. Nereida kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n jókòó. Wọ́n ń retí. Wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ajubọ́ọ̀lù Santiago pé ọwọ́ rẹ̀ ń dùn ún. Obìnrin olómi tútù dé ìlà wọn, ó wo Nereida, ó sì na ike omi kan sí i.

"Gbà, ọmọ mi, ojú ẹ ti wọnú. Mi ò gbowó."

Nereida na ọwọ́. Leocadio di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó ku díẹ̀, olólùfẹ́ mi."

"Mú un mọ́ra, àbúrò!" ni gbogbo ìlà náà ń wí. "Wọn ò ní pẹ́ jù ú!"

Nereida rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan.

Nígbà tó yá, àwọn agbábọ́ọ̀lù jáde. Gbogbo pápá dìde láti kọ orin orílẹ̀-èdè. Nereida náà dìde, ó di èjìká Leocadio mú. Nígbà tí orin parí, ó fi ọwọ́ nu ẹnu, ó sì wo ọwọ́ náà.

"Cayo. Ẹ̀jẹ̀ ni."

Leocadio wò ó. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní erìgì rẹ̀, ó ń yọ nímú rẹ̀. Ó ti ń kán sára aṣọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rí i, nítorí pé pupa ni aṣọ náà. Kí ó tó dáhùn, Nereida ṣubú lulẹ̀ láàárín àga.

Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an, ajubọ́ọ̀lù Barahona gbé ẹsẹ̀ sókè láti ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́.

Ǹjẹ́ o mọ èrò tó kọ́kọ́ sọ sí Leocadio lọ́kàn? Kì í ṣe "Nereida!" Kì í ṣe "Ọlọ́run mi!" Èrò náà ni pé: ó ku bọ́ọ̀lù kan.

Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn wọn wá pariwo pé, "Má gbé e kúrò níbẹ̀ o! Tó o bá gbé e kúrò, a ti pàdánù nìyẹn!"

Ìgbà náà ni Leocadio gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ̀rù sì bà á bí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ tó bá ejò lórí ibùsùn. Ó gbé Nereida, ó ń fi èjìká la èrò kọjá, àwọn kan sì ń bú u.

Abelardo kò tíì lọ. Ó jókòó sórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ara mi ò balẹ̀," ni gbogbo ohun tó sọ.

Ní ọsibítù, dókítà ní ibà tí ẹ̀fọn ń kó ranni ni, irú èyí tó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, pé ìgbà tí ara bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù ló máa ń pa ènìyàn. Ó bi Leocadio pé, "Ìgbà wo ló mu omi kẹ́yìn?" Leocadio fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Abelardo, tó bá kú, èmi ni mo pa á."

Abelardo kò purọ́ láti tù ú nínú. "Àwọn tó ń fi èèyàn ṣoògùn owó, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìwọ ṣe tìẹ lójú ọ̀sán gangan, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ."

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí ariwo ńlá sọ ní ìlú. Fèrè ọkọ̀, ìkòkò, agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀ ọsibítù ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ń jó. Àwọn Òfú ti borí.

Leocadio gbé orí sókè. "Wọ́n borí láìsí i. Àga rẹ̀ ṣófo, wọ́n sì borí." Ó bú sẹ́kún. "Kí ni mo wá ń fi òùngbẹ pa á fún?"

Abelardo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í. "Leo, gbogbo òrìṣà ayé yìí ló ń sọ pé kó o mú ẹni tó o fẹ́ràn wá. Ẹnìkan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó sọ pé rárá, èmi ni kẹ́ ẹ mú. Òùngbẹ gbẹ òun náà lórí igi. Ọtí kíkan ni wọ́n nà sí i. Nítorí tìẹ ni, pẹ̀lú gbogbo ohun tó o ṣe lónìí."

Leocadio dojú bolẹ̀ lórí ilẹ̀ ọsibítù náà. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. "Jésù, apànìyàn ni mí. Gbà mí." Àwọn èèyàn ń jó kọjá lára rẹ̀, kò gbọ́ wọn mọ́.

Nereida kò kú. Ọlọ́run ṣàánú. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò yá. Láti ọsibítù ló ti bá ìyá rẹ̀ lọ sí ìlú Enriquillo, kò sì gbé fóònù Leocadio. Nígbà tí Leocadio lọ síbẹ̀, ìyá náà dúró lẹ́nu géètì.

"Ìdíje ti parí," ni màmá wí. "Ẹ ti gba ife yín. Kí lo tún ń wá?"

Leocadio kò bá màmá jiyàn. Ó padà sílé, ó ju fìlà àti egungun adìẹ sínú òkun, ó sì kọ lẹ́tà kan. Ó lé ní oṣù kan tó fi gbé e sápò. Á wọ ọkọ̀ dé Enriquillo, á rí géètì lọ́ọ̀ọ́kán, ìtìjú á dá a padà. Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyí:

"Nereida, mo sọ fún ọ pé mo fẹ́ràn rẹ. Oríire mi ni mo fẹ́ràn, mo sì fi ojú rẹ bò ó. Mi ò sọ pé kí o padà sọ́dọ̀ mi. Jésù ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n ìwọ ni mo ṣẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo gbọ́dọ̀ wá. Jọ̀wọ́, dárí jì mí. Máa mu omi dáadáa."

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ó tún wọ ọkọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò padà. Ó kan géètì. Nereida fúnra rẹ̀ ló jáde, ó rù, ó wọ aṣọ funfun tó ti gbó díẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sá wọlé. Leocadio na lẹ́tà náà sí i láàárín irin géètì.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, dúró tì mí níbí ná. O lè má mọ bésíbọ́ọ̀lù rárá. Ṣùgbọ́n kí ni tìrẹ? Kí ni nǹkan náà tí o kò jẹ́ fi sílẹ̀, tí ẹnìkan nínú ilé rẹ ń gbẹ lọ nítorí rẹ̀? Nǹkan náà ń sọ fún ọ pé ó ku díẹ̀. Ó ń ní kí o jẹ́ kí òní kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ti ń kán, aṣọ ni kò jẹ́ kí o rí i. Jésù ń pè ọ́. Má ṣe wí fún un pé ọjọ́ mìíràn, nítorí ajubọ́ọ̀lù ti gbé ẹsẹ̀ sókè, o kò sì mọ ẹni tí yóò ṣubú kí bọ́ọ̀lù tó balẹ̀. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Pe orúkọ rẹ̀ lónìí. Tí o bá dìde, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀, bí ìtìjú tilẹ̀ ń fà ọ́ sẹ́yìn.

Nereida wo lẹ́tà náà. Ó wo ojú ẹni tó nà án sí i, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ gba inú irin géètì, ó sì gbà á.