Ọkọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Dìde

Ojú ibi tí páìpù náà ti ń jò ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Bí irin bá dógùn-ún, ṣe ló máa ń jẹrà wúruwùru, bí aṣọ tí eku jẹ. Èyí tí mo rí lábẹ́ ọkọ̀ yẹn gún régé. Ayùn ló gé e, ọwọ́ èèyàn ló sì di ayùn náà mú.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni wọ́n pè mí wá ṣe, wọn ò pè mí wá ṣe ọlọ́pàá.

Ọkọ̀ ayé àtijọ́ ni, ọkọ̀ olówó, dúdú, awọ ìjókòó rẹ̀ ṣì ń dán. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní sípíríǹgì, ọ́ìlì ló gbé e dúró. Pọ́ńpù á máa ti ọ́ìlì gba inú páìpù lọ sídìí táyà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹrù bá ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ọ́ìlì á sáré lọ síbẹ̀, á gbé e padà sókè. Bí ọ́ìlì bá wá jò tán, ọkọ̀ á fi ikùn lélẹ̀ bí adìyẹ tó sàba. Bí èyí ṣe wà nínú gáréèjì ilé náà nìyẹn, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ikú baálé ilé.

Ọmọbìnrin olóògbé, tó jẹ́ tíṣà, ló pè mí. Ó fẹ́ fi ọkọ̀ náà gbé ìyá rẹ̀ jáde lọ́jọ́ ìbí màmá náà, kó yà á lẹ́nu.

"Màmá ti lọ sílé àbúrò wọn," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi parí ẹ̀ kí wọ́n tó dé, Baba Ọlọ́ìlì."

Orúkọ tí àdúgbò sọ mí nìyẹn, nítorí mi ò ní aṣọ kan tí ọ́ìlì ò tíì bà jẹ́. Aṣọ ìgbéyàwó mi pàápàá kò yọ.

Mo pààrọ̀ páìpù náà, mo rọ ọ́ìlì tuntun sí i, mo ní kí Tíṣà sitáàtì rẹ̀. Ọkọ̀ mí kanlẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́kọ́ gbéra, iwájú tẹ̀ lé e, ó sì dìde dúró tọ́ọ́rọ́. Tíṣà bọ́ sílẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́. Kí n má purọ́, orí mi wú, mo gbéra ga díẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti rọra rẹlẹ̀.

Ó rẹlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tó sanra bá jókòó. Ọ́ìlì sáré lọ síbẹ̀, ó gbé e padà, ó dọ́gba. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ ni?" Tíṣà bi mí.

"Afẹ́fẹ́ ló há sínú páìpù," ni mo dáhùn.

Mo tú afẹ́fẹ́ náà jáde. Mi ò tíì nu ọwọ́ tán tó tún rẹlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo yọjú wo inú rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Awọ ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti tẹ̀ wọnú, ó sì ń dún díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó ti jókòó pẹ́ bá ń sún ìdí. Gbogbo ara mi bù máṣọ. Mo fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ pé ó lé mi?

"Ta ló gbé e dìde?"

Ìyá Tíṣà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, obìnrin tín-ín-rín, báàgì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ohùn òun.

"Màmá, ẹ kú àbọ̀. Mo fẹ́ kó yà yín lẹ́nu ni o."

"Rọra sọ̀rọ̀." Ó yíjú sí mi. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dùbúlẹ̀ padà. Èmi ni mo gé páìpù yẹn."

Ó sọ ọ́ fún wa kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọkọ rẹ̀ kì í dá nìkan lọ sóde. Ó máa ń múra ṣáájú, á lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ yìí lápá ọ̀tún, á máa kùn pé ìyàwó òun ti pẹ́ jù nídìí dígí. Ibẹ̀ ló kú sí, níbi tó ti ń dúró dè é. Wọ́n sin ín tán, kò sígbà tí dẹ́rẹ́bà sitáàtì ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ọ̀tún kì í rẹlẹ̀. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn apá òsì, níbi tí ìyàwó máa ń jókòó sí, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fúnra rẹ̀.

"Mo fẹ́ràn bàbá yín," ni ìyá wí, "ṣùgbọ́n ikú ò wù mí. Mo ní bí ọkọ̀ ò bá lè dìde, kò ní lè gbé mi lọ síbì kankan."

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo mú ayùn, mo na ọwọ́ sábẹ́ ọkọ̀, mo gé páìpù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ ara mi dè. Ọ́ìlì tú yàà sínú garawa, ó kún, ó ṣàn dé ẹnu ọ̀nà. Mo ṣí agolo ọ́ìlì tó wà níwájú ọkọ̀, ó ti gbẹ. Mo sún sẹ́yìn kó má bàa tẹ̀ mí.

Ọkọ̀ náà kò wálẹ̀.

A dúró, a ń wò ó. Kò sí ọ́ìlì, kò sí jáàkì, kò sí òkúta lábẹ́ rẹ̀. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí irun mi tó funfun, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì dún, ó sì ṣí.

Tíṣà ti ìyá rẹ̀ mọ́ ògiri, ó dúró níwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí, kò sì gbé ojú kúrò lára ọkọ̀.

"Màmá, ẹ ò lọ síbì kankan."

Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá ń bẹ̀bẹ̀ jẹ́jẹ́, kì í ṣe àwa ló ń bá sọ̀rọ̀. "Olówó orí mi, ẹ ṣe sùúrù. Mi ò tíì múra tán."

Ẹ̀yìn lápá òsì rẹlẹ̀, díẹ̀ báyìí, bí ìgbà tí ẹni tí kò wúwo bá jókòó. Ilẹ̀kùn padé. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ọkọ̀ rọra wálẹ̀, tó fi ikùn kanlẹ̀.

"Ó ti wálẹ̀!" Tíṣà bú sẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Kò tíì wẹ̀yìn. "Ọ̀gá, ẹ wò ó, ó ti wálẹ̀! Mo ṣì dì wọ́n mú, ọwọ́ wọn rèé lọ́wọ́ mi!"

Èmi ni mo kọjú sí wọn. Mo ti rí ojú ìyá rẹ̀, tó là sílẹ̀ tí kò ṣẹ́jú mọ́, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ fún un.