Oògùn Tí Bàbá Fín sí Òdòdó Ápù

Ní ọdún 2006, nígbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Hyattsville, ní Amẹ́ríkà, igi ápù ẹ̀yìnkùlé Oyèníkẹ́ tanná. Ó funfun láúláú. Bí ó bá ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, òórùn dídùn rẹ̀ á bá a dé ìdí ààrò.

Bàbá ọkọ rẹ̀ dúró lábẹ́ igi náà, nínú kóòtù ọmọ rẹ̀ tó tóbi jù fún un. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló dé láti Ìdànrè, níbi tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ dáko kòkó.

"Ìyàwó, ṣé igi yìí náà ni kòkòrò jẹ èso rẹ̀ lọ́dún tó kọjá?"

"Òun ni, sà. Ìdin ló wà nínú gbogbo ẹ̀. A ò rí ẹyọ kan jẹ."

Bàbá mi orí. "Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà. Bí kòkó bá ti ń tanná, àgbẹ̀ gidi á ti gbé ẹ̀rọ ìfín kọ́ ẹ̀yìn."

Oyèníkẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ igi náà fi ká Bàbá lára. Nígbà tí Olúrótìmí, ọkọ rẹ̀, wà ní kékeré, Bàbá ta kòkó ní Àkúrẹ́, ó sì ra ápù ẹyọ kan bọ̀ wálé. Ó gé e fún àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó ní eyín ń dun òun, kò fi kan ẹnu. Ní báyìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti ní igi ápù tirẹ̀, Bàbá sì ti sọ pé òun ò ní jẹ ápù mìíràn yàtọ̀ sí ti igi náà.

"Ápù ṣọ́ọ̀bù ò ní bàbá," ló máa ń wí. "Tẹ̀yìnkùlé yìí, èmi ni bàbá àgbà rẹ̀."

Ìparí oṣù kẹsàn-án ni yóò padà sílé. Èso á ti pọ́n kó tó lọ.

Bàbá wọlé, ó tú ẹrù rẹ̀, ó yọ ìgò kan tó fi ìbọ̀sẹ̀ wé. Ọ̀tapiapia ni, oògùn apakòkòrò inú ilé.

Olúrótìmí bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, báwo lẹ ṣe gbé e kọjá ní pápákọ̀ òfurufú?"

"Wọ́n bi mí bóyá mo gbé ẹran. Mi ò gbé ẹran."

Oyèníkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Mobáyọ̀, ọmọ ìjọ wọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkòrò ní yunifásítì College Park, ti kìlọ̀ fún un lẹ́yìn ìsìn: "Àǹtí, bí ápù yín bá tanná, ẹ má fín nǹkan kan sí i o. Ẹ jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ rẹ̀ dànù tán, kí ẹ wá pè mí."

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ìyàwó ilé tí yóò kọ́ bàbá ọkọ rẹ̀ níṣẹ́ àgbẹ̀? Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo ìgò.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," lohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá po oògùn náà mọ́ omi, ó fín igi náà láti orí dé ìdí, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Bridget, ìyá àgbàlagbà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, wá sí ìdí ọgbà. Ó ń sin oyin nínú àpótí. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Òkú oyin ló kún inú rẹ̀.

"Oyèníkẹ́, mi ò bá yín jà. Kí lẹ fín?"

"Kí ló ń sọ?" Bàbá bèèrè.

Oyèníkẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"Oyin? Láti ìgbà tí mo ti ń fín kòkó, kò sẹ́ni tó bèèrè oyin lọ́wọ́ mi rí." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ṣí fìlà lórí. "Sọ fún un pé kó má bínú."

Bridget gbà. Síbẹ̀, ó pẹ́ kó tó tún juwọ́ sí wọn.

Nígbà tí ooru dé, igi tó yẹ kó so wìtìwìtì so ìwọ̀nba, èyí tó sì so ń já bọ́. Ìgbà yẹn ni Oyèníkẹ́ tó pe Mobáyọ̀. Ọmọ náà ṣa èso kan nílẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti àga Bàbá.

"Ẹ wo àpá yìí, sà, tó tẹ̀ bí oṣù tuntun. Kòkòrò ẹlẹ́nu gígùn kan ló yé ẹyin síbẹ̀. Ihò tí nǹkan bíi lẹ́búlẹ́bú pákó ń tú jáde yìí, ìdin labalábá kékeré aláwọ̀ eérú kan ni. Lẹ́yìn tí òdòdó bá rẹ̀ ni wọ́n ń kọlu èso. Nígbà tí ẹ fín in, wọn ò tíì dé."

"Ta ló wá wà níbẹ̀?"

Mobáyọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Oyin, sà. Oyin ló ń gbé àtíkè inú òdòdó kan dé inú òmíràn. Láìsí wọn, òdòdó ò lè di èso."

Bàbá gba èso náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i wò. "Àwọn òṣìṣẹ́ ni mo pa," ó wí. "Olè ò tíì jí lójú oorun." Ó tọ́ka sókè. "Ìwọ̀nba tó kù yìí ńkọ́? Ṣé mi ò lè tọ́ ọ wò?"

"Wọn ò ṣe oògùn yẹn fún ohun tí èèyàn máa jẹ, sà. Ẹnu mi ò gbà á láti ní kí ẹ jẹ ẹ́."

"Ó tì o. Màá jẹ tèmi lọ́dún tó ń bọ̀."

Ó padà sí Ìdànrè. Nígbà ọyẹ́, ó sùn, kò jí.

Oyèníkẹ́ ti ṣa gbogbo èso tó rẹ̀ sílẹ̀ dànù nígbà yẹn, kí ìdin inú wọn má bàa wọ ilẹ̀ lọ sùn. Nígbà tí igi tún tanná, kò fín nǹkan kan; oyin tuntun Bridget ń kùn lórí rẹ̀ látàárọ̀. Nígbà tí èso tó ẹ̀kùrọ́, ó dín wọn kù, ó fi àpò bébà bo ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tó kù.

Ápù àkọ́kọ́ tí wọ́n ká kò ní àpá kankan. Olúrótìmí gé e sí ọ̀nà méje. Wọ́n jẹ mẹ́fà. Èkeje, ìpín Bàbá, wà nínú àwo títí ó fi dúdú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní igi ápù lẹ́yìn ilé, ẹ má fín oògùn sí i nígbà tó bá tanná, ẹ má sì gbé ọ̀tapiapia wá láti ilé. Ẹ máa ṣa èso tó bá já bọ́ kúrò nílẹ̀. Ẹ fi páálí wé ìdí igi nígbà ooru kí ìdin lè sá sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá tú u dànù. Fún eṣinṣin tó ń yé ẹyin sára èso tó ti ń dàgbà, ẹ fi àtè kun bọ́ọ̀lù pupa, kí ẹ fi kọ́ sórí ẹ̀ka. Bó bá di dandan kí ẹ fín nǹkan, kó jẹ́ oògùn tí wọ́n kọ orúkọ ápù sára rẹ̀. Ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, títí kan iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó ká èso. Bí kò bá yé yín, ẹ lọ bi àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ní káúńtì yín, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Bí ó bá sì jẹ́ àgbà ló gbé ìgò dání, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀. Ìkúnlẹ̀ ni ọ̀wọ̀. Ìdákẹ́ kọ́.