Ìbọ̀wọ́ Bàbá Con

"Bá mi dé e," ni Bàbá Con wí.

Emmett Garrity wo bọ́tìnnì ẹ̀wù náà. Ó wo ọwọ́ ọkùnrin náà. Ó kúnlẹ̀, ó sì ń dé bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ẹni tó ń wọṣọ fún ọmọdé.

Inú ahéré pákó tí àwọn eléré ti ń pààrọ̀ aṣọ ni wọ́n wà. Lóde, èrò ṣì ń pariwo orúkọ Con Tierney. Eré ìkẹyìn rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Àwọn ará ìlú ti kan sáárá sí i, wọ́n sì ti fún un ní aago àpò oníwúrà. Kò lè ṣí ìdérí aago náà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, àmọ́ Bàbá Con ni gbogbo wa ń pè é ní ìlú wa, Harlow Falls. Nínú eré bésíbọ́ọ̀lù ayé ìgbà náà, ẹni tó bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún ti darúgbó. Ahánbọ́ọ̀lù ni. Ẹ̀yìn ẹni tó mú igi dání ló máa ń lóṣòó sí. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ju bọ́ọ̀lù, tí onígi kò bá bà á, Con ni yóò hán an. Ọwọ́ lásán ló fi ń hán an. Bọ́ọ̀lù yẹn sì le bí òkúta. Bí ìka ahánbọ́ọ̀lù bá kán, yóò tu omi tábà sí i, yóò so ó mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eré yóò sì máa lọ. Gbogbo ìka Con ló ti kán rí. Kò sí méjì nínú wọn tó kọjú síbì kan náà mọ́.

"Ìwọ ló kàn," ni ó wí.

"Mo mọ̀, bàbá."

Con bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi apá fa nǹkan kan jáde lábẹ́ àga. Ìbọ̀wọ́ aláwọ ni, ó nípọn, ojú rírán rẹ̀ sì wọ́.

"Èmi ni mo rán an. Gbogbo ìgbà òtútù ló gbà mí. Abẹ́rẹ́ ò dúró lọ́wọ́ mi, eyín ni mo fi ń fà á. Gé ẹran màlúù tútù pẹlẹbẹ, kí o fi sínú rẹ̀ níbi àtẹ́lẹwọ́. Eegun ò ní gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tí ẹ̀yin ò wọ irú ẹ̀ rí?"

Con ti ìbọ̀wọ́ náà sún mọ́ ọn.

"Wọ́n á rẹ́rìn-ín," ni ó wí. "Ṣé wàá wọ̀ ọ́?"

"Màá wọ̀ ọ́."

"Sọ ọ́ kí n gbọ́ dáadáa."

"Màá wọ̀ ọ́, bàbá."

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Emmett. Eruku òwú ló pa bàbá rẹ̀ nílé iṣẹ́ tó wà létí odò. Ibẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni Emmett alára ti ń so òwú tó bá já, kí ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù tó mú un. Ìyá rẹ̀ máa ń di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú lórí tábìlì oúnjẹ. "Ọwọ́ yìí ni gbogbo oko tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún wa," ni yóò wí. "Máa ṣọ́ ọ."

Lọ́jọ́ eré rẹ̀ àkọ́kọ́, ó ra ẹran lọ́wọ́ alápatà, ó fi sínú ìbọ̀wọ́ náà, ó wọ̀ ọ́ wọ pápá. Gus Reinhardt, ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ wa, ló kọ́kọ́ rí i.

"Emmett, ṣé ìkòkò lo fẹ́ lọ gbé kúrò lórí iná ni?"

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ẹran mà ni! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wò ó, ọ̀gbẹ́ni yìí gbé oúnjẹ ọ̀sán wá sórí pápá!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Gus wí. "Màmá ẹ̀ ló ní kó má fara pa."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn èrò. Obìnrin kan bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó ń jù ú fì. "Gba èyí kún un, ọmọ màmá!" Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Ojú Emmett pọ́n. Kí apá kejì eré tó bẹ̀rẹ̀, ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó sọ ọ́ sábẹ́ àga.

Bàbá Con jókòó sẹ́yìn ọgbà pákó, lẹ́yìn ibi tí Emmett lóṣòó sí gan-an. Ó rí i. Nígbà tí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ba àtẹ́lẹwọ́ Emmett, ọmọ náà gbọ́ èémí kan lẹ́yìn rẹ̀, "hùn," bí ìgbà tí wọ́n gbá èèyàn níkùn. Bọ́ọ̀lù mìíràn wá. Èémí náà tún tẹ̀ lé e.

Ẹgbẹ́ wa borí. Wọ́n gbé Emmett sí èjìká. Gus ra ọtí bíà fún un. "Ọkùnrin ni ẹ́!" ni ó wí, ó sì gbá a lẹ́yìn.

Con ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"O ṣèlérí."

"Ẹ̀yin náà ò wọ̀ ọ́, bàbá. Ẹ sì di Con Tierney."

Con gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè sójú ọmọ náà.

"Wò ó dáadáa," ni ó wí. "Òun ni Con Tierney."

Ó yí padà, ó lọ.

Gbogbo ìgbà ẹ̀rùn yẹn ni Emmett fi ọwọ́ lásán hán bọ́ọ̀lù. Ìka òrùka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wú. Ó tu omi tábà sí i, ó so ó mọ́ ìkejì rẹ̀. Nílé, ó ń fi ọwọ́ òsì jẹ ọ̀dùnkún rẹ̀, ọ̀tún wà lábẹ́ tábìlì.

"Kí ló ṣe ọwọ́ ẹ?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Kò sí nǹkan, màmá."

Kò sí eré tí Con kò wá. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà lórí orúnkún, àtẹ́lẹwọ́ sókè. Bí Gus bá ti ju bọ́ọ̀lù, ọwọ́ náà yóò pa dé. Àwọn èèyàn kì í fẹ́ jókòó tì í. Àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ sọ pé lọ́sàn-án tí kò bá sí eré, orí àpótí kúkurú ló máa ń jókòó sí, tó kọjú sí ògiri, tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣí, tó ń pa dé. Ó ti fi eré sílẹ̀. Eré ò fi í sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rùn ń parí lọ, wọ́n bá òkú rẹ̀ lórí àpótí náà. Àlùfáà fẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà sí i lọ́wọ́ nínú pósí. Kò dúró. Wọ́n gbé e lé e láyà.

Eré kan tẹ̀ lé ìsìnkú náà. Ibi tí Con máa ń jókòó sí ṣófo. Gus ju bọ́ọ̀lù. Emmett hán an.

"Hùn."

Emmett bojú wẹ̀yìn. Kò sí èèyàn. Afẹ́fẹ́ ló ń gba àárín pákó kọjá, ó wí nínú ara rẹ̀. Bọ́ọ̀lù mìíràn wá. Èémí náà tún dún.

"Kí lò ń wò lẹ́yìn?" ni Gus kígbe. "Iwájú ni bọ́ọ̀lù wà, kì í ṣe ẹ̀yìn!"

Emmett wo àga àwọn eléré. Ìbọ̀wọ́ náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ níbi tó sọ ọ́ sí. Kò jìnnà. Bó bá gbọ́wọ́ sókè, wọn yóò dá eré dúró díẹ̀ fún un. Ìka rẹ̀ ń lù kìkì. Ó fẹ́ gbọ́wọ́ sókè. Ẹnì kan lórí àga náà rí ibi tí ojú rẹ̀ wà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Emmett yíjú padà, ó lóṣòó.

Lọ́tẹ̀ yìí, èémí náà ṣáájú bọ́ọ̀lù. Emmett gbọ́ ọ, ó sì mọ̀. Bọ́ọ̀lù dé. Ìró tó dún kì í ṣe ìró àtẹ́lẹwọ́.

Eegun yọ jáde lára awọ. Ìka méjì ni dókítà gé. Àwọn tó kù san, àmọ́ wọn ò ká mọ́. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ti rí ẹlòmíràn kí ọgbẹ́ náà tó jinná. Ilé iṣẹ́ òwú náà ò gbà á pa dà sídìí òwú. "Ọwọ́ tó lè so òwú là ń wá," ni wọ́n wí fún un. Wọ́n fún un ní ìgbálẹ̀ kó máa gbá àgbàlá.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ahánbọ́ọ̀lù tuntun kan dé láti ìlú Worcester. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nípọn bí tìmùtìmù. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gus alára ti wá ń wọ ọ̀kan. Emmett rí i.

Ìbọ̀wọ́ Con wà nílé rẹ̀. Ẹran tó fi sínú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti jẹrà mọ́ ọn, òórùn rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Ó gbìyànjú láti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ihò ìka méjì ṣófo.

Bí eré bá wà, ẹ̀yìn ọgbà pákó ni Emmett máa ń jókòó sí. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà lórí orúnkún, àtẹ́lẹwọ́ sókè. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀, yóò gbìyànjú láti pa á dé.

Àwọn àgbà ní ará iwájú tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ èrò ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Con jìn, ó sì fi eyín rán ohun tí kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn jìn. Emmett rí kòtò náà. Ẹ̀rín ló tì í sí i. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀rín kì í pẹ́ lẹ́nu ẹni tó ń rín in. Gus ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìkòkò tó sọ. Obìnrin tó ju fìlà fì ti gbàgbé.

Láràárọ̀ kí Emmett tó lọ gbálẹ̀, ó máa ń dúró síwájú ìyá rẹ̀ nínú ẹ̀wù tó ṣí sílẹ̀.

"Ẹ bá mi dé e, màmá."

Ìyá rẹ̀ á dé e. Nínú gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó wá bá a dé ẹyọ kan.